Ọdún Tí Epo Lé Ọkọ Mi Kúrò Létí Ọ̀sà

Ọmọ inú igbó ni mí. Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí mi sí, nílé bàbá kan tó ń ṣòwò pákó, tí kì í jẹ́ kí àsìkò ìrun kọjá lórí òun. Omi tí mo mọ̀ nígbà èwe mi kò ju odò tí a ti ń pọnmi lọ, èyí tó jẹ́ pé kò ní dé orúnkún ọmọdé. Nígbà tí mo wá sọ nílé pé ọmọ apẹja kan láti apá Mákùn-Omi ni mo fẹ́ fẹ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bi mí bóyá mo ti gbàgbé pé mi ò lè lúwẹ̀ẹ́. Ohun tó dun bàbá mi yàtọ̀ síyẹn. Ó ní Aládùúrà ni wọ́n, ó sì ní ọ̀nà ibẹ̀ jìn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ mi wá sí ilé wa kí bàbá mi tó gbà. Tó bá ti kí wọn tán, yóò jókòó sórí àga, yóò gbé fìlà rẹ̀ lé itan, kò sì ní sọ nǹkan kan mọ́ títí wọn yóò fi gbé oúnjẹ wá. Ní ìgbà kẹta, bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹni tí kì í pariwo yìí kò lè fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́." Bí mo ṣe di ìyàwó etí ọ̀sà nìyẹn. Ó ku ọdún díẹ̀ ká gba òmìnira nígbà náà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ni, ilé ìwé abúlé wa ṣì ń rùn fún òórùn pákó tuntun.

Èmi, ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ là ń gbé nínú ilé. Ìyá ọkọ mi jẹ́ obìnrin kúkurú, alágbára, tó ti di opó láti ìgbà tí ọkọ mi wà lọ́mọ ọwọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìgèrè àti àwọ̀n tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà. Kò fìgbà kan ṣe mí níkà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn mi. "Ìyàwó" ló ń pè mí, bí ẹni pé ó ń retí ìgbà tí màá fi hàn án pé orúkọ náà tọ́ sí mi. Mi ò lè tukọ̀. Mi ò lè pa ẹja láìgé ara mi lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè ṣe ju àwọn obìnrin ibẹ̀ lọ ni pé mo ka ìwé dé sítáńdáàdì mẹ́fà, ìyẹn kò sì wúlò fún ẹja.

Mi ò tíì pé ọdún kan níbẹ̀ nígbà tí epo dà.

Àsìkò ọyẹ́ ni. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ń fa bájì, ọkọ̀ ẹrù tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tó kún fún epo dúdú gba ojú ọ̀sà wa kọjá, ni ìdí bájì náà bá lu kùkùté igi tó wà lábẹ́ omi. Odindi ọjọ́ méjì ni epo fi ń jò kí wọ́n tó rí i fà kúrò níbẹ̀. Àwa kò mọ̀ rárá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ọkọ mi gbé ìkòkò lọ sétí omi, ó sì padà wá pẹ̀lú ìkòkò òfìfo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé orúnkún, ó ń dán.

Ó ní, "Ìyàwó, wá wo nǹkan."

Mo tẹ̀ lé e. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé ọ̀sà kò pariwo. Ìgbì ń wá sí èbúté bó ṣe máa ń wá, ṣùgbọ́n kò ró mọ́. Ó kàn ń gorí iyanrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì ń sún padà, bí ẹni tó ń fi aṣọ tútù nu ilẹ̀. Ẹyẹ funfun kan dúró lórí òpó tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, ìyẹ́ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, kò lè fò. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àwọn alákàn ń jáde nínú omi, wọ́n ń wọlé wá bá wa. A rí wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lábẹ́ ẹní, nídìí ààrò. A kò lé wọn. Àwọn náà ń sá ni.

Ọkọ mi da àwọ̀n síbì kan tí ó rò pé ó ṣì mọ́. Nígbà tó fà á sókè, ó wúwo, inú rẹ̀ dùn, àṣé epo ló wúwo bẹ́ẹ̀. Ẹja tó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. A yan wọ́n, ìyá ọkọ mi sì gbé wọn lọ sọ́jà Ẹ̀pẹ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ gbé ẹja náà sókè, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì rọra dá a padà sínú agbọ̀n. Ó gbé gbogbo rẹ̀ padà wálé. Ó gbẹ́ ihò sí ẹ̀yìn ilé, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó sì tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Kànga tí a gbẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá kò sàn ju ọ̀sà lọ. Omi ibẹ̀ a máa mú àwọ̀ bí òṣùmàrè lórí. Gààrì tí a bá rẹ, òórùn epo ló máa kọ́kọ́ dé ọ̀fun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, akọ̀wé kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni epo náà. Bàtà rẹ̀ funfun. Ó kó ọṣẹ ìfọṣọ wá nínú páálí, ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú mẹ́fà mẹ́fà. Ìyá ọkọ mi gba tirẹ̀, ó gbé e lọ́wọ́ wò, ó bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé ọ̀sà ni ká fi fọ̀ ni, àbí ara wa?"

Akọ̀wé náà ní òun yóò mú ìbéèrè náà lọ bá àwọn ọ̀gá òun. Ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lóòótọ́. A kò rí i mọ́.

Ìgbà náà ni àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Àwọn kan lọ sóko kòkó, àwọn kan lọ gbé ẹrù ní Èkó. Àwọn mìíràn kó ìyàwó àti ọmọ wọn lọ pátápátá, wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn. Ọkọ mi jókòó fún ọjọ́ púpọ̀, ó ń wo ọkọ̀ rẹ̀ tó dojú dé lórí iyanrìn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó ní, "Igi pọ̀ ní ìlú yín. Bàbá rẹ lè bá mi wá iṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń la pákó."

Inú mi dùn. Mo ní, "Ìgbà wo la máa lọ?"

Ìyá rẹ̀ ló dáhùn fún un. Ó ní, "Èmi ò lọ síbì kankan. Bí gbogbo wa bá lọ, ta ni yóò mọ ọjọ́ tí omi bá mọ́?"

Ọkọ mi wá kọjú sí mi. Kò bẹ̀ mí, kò sì pàṣẹ fún mi. Ó kàn wò mí títí mo fi mọ ohun tó fẹ́ béèrè. Mo ní, "Ẹ lọ. Màá dúró tì wọ́n." Ní ọ̀la rẹ̀, ọmọ omi gbéra lọ sínú igbó lọ́dọ̀ àwọn èèyàn mi, èmi ọmọ igbó sì dúró létí omi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Láàárín oṣù díẹ̀, ìwé tí mo kà wá wúlò. Àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ti lọ bẹ̀rẹ̀ sí í mú tákàdá wá bá mi. Orí bẹ́ǹṣì kan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń jókòó sí láti bá wọn kọ lẹ́tà, ọkọ̀ tó ń lọ Ẹ̀pẹ́ yóò sì gbé e. Bí èsì bá dé, èmi náà ni màá kà á. "Sọ fún un pé ọmọ ti ń rìn." "Sọ fún un pé òrùlé ti ń jò." "Sọ fún un pé mi ò bínú mọ́." Obìnrin kan mú lẹ́tà kan ṣoṣo wá fún mi lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan kí n kà á, títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí, tó sì ń bá mi kà á. Òmíràn mú tirẹ̀ wá tẹ̀rín tẹ̀rín, mo sì rí i lójú ìwé pé ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ẹlòmíràn ní Ṣàgámù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìwé náà padà. Ó ní, "Kà á." Mo kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ká a sí wẹ́wẹ́, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù kan, bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́.

Mo mọ inú gbogbo ilé tó wà ní abúlé náà, kò sì sí ẹni tó mọ inú tèmi. Ọkọ mi kò kọ lẹ́tà. Kò mọ̀wé, mo mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ yòókù náà kò mọ̀wé, wọ́n ń wá ẹni tó ń bá wọn kọ ọ́. Tèmi kàn ń fi nǹkan ránṣẹ́ ni: ẹ̀wà nínú àpò, ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ, aṣọ kan tí mo mọ̀ pé ìyá mi ló bá a yàn. Màá tú ẹrù náà tán, màá gbọn àpò náà bóyá tákàdá kan yóò já bọ́. Mo kọ lẹ́tà mẹ́rin sí i. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ẹrù náà dáwọ́ dúró.

Mo fara dà á fún oṣù méjì kí n tó sọ fún ìyá ọkọ mi pé mo fẹ́ lọ wò ó. Ó ń fi ọṣẹ akọ̀wé ọjọ́sí fọ àwọ̀n ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ojú kan lẹ́yìn òmíràn. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Lọ. Má sùn ju ìgbà mẹ́ta lọ."

Mo wọkọ̀ dé Ẹ̀pẹ́, mo wọ lọ́rì dé Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì wọ òmíràn dé Òkè-Àgbò. Ìyá mi rí mi láti ojú ọ̀nà, ó bú sẹ́kún. Lẹ́yìn tó dì mọ́ mi tán, ó rọra tú gèlè mi, ó ní kí n lọ wẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ó ti fọ gbogbo aṣọ mi, ó sá wọn. Kí n tó jókòó, ó tún ti ká wọn, ó ń fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Kò sọ pé mò ń rùn. Èmi náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mò ń rùn.

Mo bá ọkọ mi lẹ́yìnkùlé, ó ń to igi ìdáná. Ọwọ́ òsì ló fi ń tò ó. Ọ̀tún wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, kò sì yọ ọ́ nígbà tó rí mi.

Mo ní, "Ẹ yọ ọ́."

Ó yọ ọ́. Ìka mẹ́ta kò sí níbẹ̀ mọ́. Àtàǹpàkò àti ìka kékeré nìkan ló kù, ojú ọgbẹ́ náà sì ti jinná, ó ń dán.

"Ìgbà wo?"

"Ó ti lé ní oṣù méjì. Ayùn ni."

"Ẹ kò sì lè ránṣẹ́ sí mi?"

Ó jókòó lórí igi. Ó ní, "Bàbá rẹ fẹ́ kọ ọ́, mo ní kí wọ́n má kọ ọ́. Ìwọ lo ń ka lẹ́tà fún gbogbo wọn níbẹ̀. Bí tèmi bá dé, ìyá mi yóò ní kó o kà á sókè. Báwo lo ṣe fẹ́ kà á?"

Ó gbé ọwọ́ náà sókè láàárín àwa méjèèjì, ó ní, "Èyí kò lè da àwọ̀n mọ́. Má sọ fún ìyá mi. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn."

"Ìgbà wo?"

"Bó bá yá."

Oorun mẹ́ta ni mo sùn, mi ò sì gbádùn ọ̀kan. Yàrá tí mo ti dàgbà ló ń sùn. Bàbá mi ń pè é ní ọmọ òun. Bí a bá ń jẹun, ọ̀kan nínú wọn yóò dárúkọ ewúrẹ́ kan, gbogbo ilé yóò rẹ́rìn-ín títí, ọkọ mi tí kì í sọ̀rọ̀ yóò máa nu omi ojú. Mi ò mọ ewúrẹ́ wo ni. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ọkọ mi ní, "Dúró síbí. Ilé yín nìyí." Mo fẹ́ dúró, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ẹnì kan ń fọ àwọ̀n fún ẹni tí kò ní lò ó mọ́, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ilé náà pẹ̀lú rẹ̀.

"Báwo ni ọmọ mi?" Ìbéèrè tí ìyá ọkọ mi fi pàdé mi ní èbúté nìyẹn.

"Ara wọn le, Ìyá. Iṣẹ́ ló pọ̀."

"Ṣé ó sanra?"

"Wọ́n sanra díẹ̀."

Irọ́ náà kò wúwo lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ojoojúmọ́ lẹ́yìn náà ló ń wúwo. Ó fọ àwọ̀n tán, ó ń di ojú tó ti já. Èmi ni mò ń na okùn fún un. Yóò máa sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò fi àwọ̀n náà pa, èmi yóò máa wo ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú okùn, màá sì ní "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." Ẹ̀rín tí kì í rín sí mi tẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rín in. Ó ń bu ẹran tirẹ̀ sínú àwo mi. Bó ṣe ń fẹ́ràn mi sí i ni mò ń fẹ́ sá kúrò níwájú rẹ̀. Lóròòwúrọ̀, èéfín kì í jáde ju nílé mẹ́fà tàbí méje lọ ní gbogbo abúlé. Wọ́n ti ti ilé ìwé, tíṣà ti lọ. Nígbà mìíràn mo máa ń wọ inú kíláàsì òfìfo náà lọ́sàn-án, màá kọ lẹ́tà sí ọkọ mi lórí pátákó, màá kọ gbogbo rẹ̀, màá sì nu ún nù.

Àárọ̀ gbogbo ni ìyá ọkọ mi ń lọ sétí omi. Yóò ti ìka bọ ọ̀sà, yóò fi kan ahọ́n, yóò sì tutọ́. Ní òjò ọdún kejì, omi odò òkè kún, ó ya wọ inú ọ̀sà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó gbá ewéko àti ìdọ̀tí lọ. Àárọ̀ kan, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti ìka bọ omi, ó fi kan ahọ́n. Mò ń retí kó tutọ́. Kò tutọ́.

Ó dẹ ìgèrè. Ní ọjọ́ kẹta ó rí epìyà mẹ́rin. Ó ní kí n má fi ata sí i, kí n má fi àlùbọ́sà sí i, kí òórùn kankan má baà rí ibi sá pamọ́ sí. Iyọ̀ nìkan la fi sè é. A jẹ ẹ́. Ẹja ni, kò rùn.

Ó nu ẹnu, ó ní, "Mú tákàdá wá. Kọ ọ́ sí i pé omi ti mọ́. Kó máa bọ̀."

Mo mú tákàdá wá, mo mú gègé. Mo kọ orúkọ rẹ̀, ọwọ́ mi sì dúró.

"Ìyá, wọn ò lè da àwọ̀n mọ́. Ayùn gé wọn ní ìka mẹ́ta."

Ó ń ṣa eegun ẹja sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Ó ṣa á tán. "Ọwọ́ wo?"

"Ọ̀tún."

"Ṣé ó ṣì ń dùn ún?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá. Ó ti jinná nígbà tí mo rí i."

"O ti mọ̀ láti ìgbà tó o lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O wá ń na okùn àwọ̀n fún mi." Ó dìde, ó gbé àwo rẹ̀, ó wọlé.

Ọjọ́ márùn-ún ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò tíì rí ọjọ́ tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí abúlé ti dá páropáro, tí ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún ọ bá gbẹ́nu dákẹ́, ìró ìgbálẹ̀ tìrẹ pàápàá yóò máa dẹ́rù bà ọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó sì padà dé. Ó bọ́ aṣọ náà, ó ká a, ó mú àjẹ̀ méjì, ó kọjá lára mi. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Bọ́ sínú ọkọ̀."

Mo ní, "Bí mo bá já sómi ńkọ́?"

Ó ní, "Níbi tí mò ń mú ọ lọ, omi kò kọjá àyà. Bó o bá já sí i, dìde dúró."

Mo já sí i, lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn. Mo dìde dúró. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń tukọ̀ láìyà sọ́tùn-ún sósì, bí a ṣe ń dẹ ìgèrè sídìí koríko, bí a ṣe ń gbọ́ ẹja nínú okùn àwọ̀n kí a tó fà á. Kò pẹ́ tí èmi àti rẹ̀ fi ń da àwọ̀n ńlá náà pọ̀, òun ní orí ọkọ̀, èmi ní ìdí rẹ̀. Lẹ́tà tó wá ní kí n kọ kò gùn. "Sọ fún un pé àwa méjèèjì là ń pa ẹja. Sọ fún un pé kó wá jẹ ẹ́."

Ó wá. Ìyá rẹ̀ dúró ní èbúté, ó gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ níṣojú gbogbo wa, ó yí i sókè yí i sódò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ bò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé agbọ̀n ẹja lé e lọ́wọ́ òsì, ó ní kó gbé e lọ sílé. Ọjọ́ mẹ́jọ ló lò. Kò wọ ọkọ̀ ní ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ̀ bá ń lọ láàárọ̀, yóò dúró lórí iyanrìn, ọwọ́ nínú àpò, yóò máa wò wá títí a ó fi kéré lójú rẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń ṣe é. Kò sí bí mo ṣe lè tukọ̀ padà nítorí ẹ.

Ó padà sínú igbó. Nígbà tó yá, ó rí iṣẹ́ ọdẹ síbi tí wọ́n ń kó kòkó sí ní Àgọ́-Ìwòyè. Bí a ṣe wà fún ọdún méje nìyẹn, òun lọ́hùn-ún, èmi níbí, a ń bẹ ara wa wò. A bí ọmọ méjì láàárín rẹ̀. Àwọn kan padà sí abúlé, wọ́n tún ilé wọn kùn. Bí ìlàjì ilé kò rí ẹni padà sínú wọn, òjò sì wó wọn.

Ìyá ọkọ mi kú lórí ẹní rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí a ti pẹja dé. Ó ní òun fẹ́ na ẹ̀yìn díẹ̀. Ọkọ mi wá, a sin ín lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo kó àwọn ọmọ, mo sì tẹ̀ lé bàbá wọn lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Àwọn aládùúgbò wa níbẹ̀ ń kí mi pé mo kú àbọ̀ sáàárín àwọn èèyàn mi, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, wọ́n ní ohùn ará omi ni.

Ọkọ mi àti èmi kò jà. Ó jẹ́ ọkọ rere. Ṣùgbọ́n ọdún méje ti wà láàárín wa, a kò sì mọ bí a ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bi mí. A jókòó níwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́, ó ní, "Báwo ló ṣe máa ń rí láàárín ọ̀sà láàárọ̀, ìwọ àti ìyá mi?"

Mo sọ díẹ̀ fún un: ìkùukùu, bí Ìyá ṣe máa ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì wẹ́rẹ́ nígbà tó bá ń fa okùn, bí ọwọ́ ṣe máa ń ra. Ó tẹ́tí sí mi, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí ó yẹ kí n sọ bí ipò rẹ̀ nínú ọkọ̀ ṣe di tèmi, mi ò rí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa," ó sì dìde lọ ti ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ń kó kòkó sí.